Orúkọ Tí Mo Kọ Sórí Ìwé Ṣíà Ìdílé Wa

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Láti yàrá mi ní Sùúrùlérè níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, orúnkún mi méjèèjì sì kanlẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ìkúnlẹ̀ àwọn ọmọ Èkó tí wọ́n máa ń tẹ̀ bíńtín bí ẹni pé òkúta gún wọn lẹ́sẹ̀. Mo kí Bàbá Kúmásì, àbúrò Bàbá mi, tí ó ti Gánà dé láti ọjọ́ yìí tí kò tíì yé sọ fún wa pé búrẹ́dì ibẹ̀ dùn ju tiwa lọ. Mo kí àwọn ìyàwó ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kí ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń jà báyìí lórí ẹni tí yóò ka lẹ́tà yìí sí etí àwọn àgbà. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá rinlẹ̀ jù ni kó kà á. Mo kí gbogbo ará ilé wa tí ọ̀rọ̀ ajé fọ́n ká, tí wọ́n wà ní Jọ́ọ̀sì, ní Kàdúná àti ní gbogbo ibi tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá ti ṣí ìsọ̀ sí.

Bàbá mi, mo mọ̀ pé ẹ ó bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ní ojú gbogbo ayé. Ẹ ti kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde sí ìta. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo fẹ́ kí ẹlẹ́rìí rẹ̀ pọ̀. Ó jẹ mọ́ ṣíà tí a fi owó lọ́rì Bàbá Àgbà rà. Orúkọ Bàbá Àgbà kò sí lórí rẹ̀. Orúkọ tèmi ni ó wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, n kò sì sọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ká ìwé ìròyìn náà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ máa ń bi mí pé kí ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Yábà gan-an. Màmá ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé báǹkì ni mo wà. Bàbá Kúmásì ní ṣe ni mò ń bá òyìnbó ta abọ́ tánganran. Ẹ̀yin méjèèjì ò jìnnà sí i, ẹ ò sì dé ibẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìjọba ti pàṣẹ fún àwọn òyìnbó tí wọ́n ní ilé iṣẹ́ nílẹ̀ yìí pé kí wọ́n ta nínú rẹ̀ fún àwa ọmọ onílẹ̀. Ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran kan ní Ìlúpéjú wà lára wọn. Abọ́ wọn ni Màmá tò sí pálọ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jẹun. Wọ́n pín ilé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, ìpín kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní ṣíà. Ṣùgbọ́n òyìnbó kì í ru ṣíà kiri ọjà. Ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó ń bá wọn ṣètò títà rẹ̀, tí ó ń kọ ìwé jáde nípa èrè wọn àti gbèsè wọn, kí ẹni tí ó fẹ́ rà lè mọ ohun tí òun ń rà. Ìgbìmọ̀ ìjọba kan ni ó ń dá iye lé e. Alágbàtà wà pẹ̀lú, tí ń bá ènìyàn rà tí ń bá ènìyàn tà, gẹ́gẹ́ bí àwọn alágbàtà ọjà màlúù ti ń ṣe: owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbà, màlúù kì í ṣe tirẹ̀. Báǹkì á gba fọ́ọ̀mù àti owó. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti ṣe tiwọn tán ni ìwé á tó dé ọ̀dọ̀ àwa tí wọ́n ń pè ní rẹ́jísírà. Àwa ò tà, àwa ò rà. Orúkọ ni iṣẹ́ wa. Ta ni ó ní ìpín, mélòó ni, ibo ni kí á fi èrè rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ńlá wa ni òfin mọ̀.

Bí fọ́ọ̀mù bá ti ń ya wọlé, tábìlì mẹ́rin ni a máa ń tò wọ́n sí. Tábìlì kìíní ni ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn. Ìkejì ni ti mẹ̀kúnnù, àwọn tíṣà, télọ̀, alágbẹ̀dẹ, àwọn ìyá tí ń ta aṣọ. Ìkẹta ni ti àwọn ọlọ́lá tí wọ́n fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìkẹrin ni ti ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ tí ó ní ìwé ìjọba lọ́wọ́, bí àwọn adójútòfò àti àwọn tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́. Ìdí tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ṣíà kì í kárí. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìntì, tí ó ń wọ táì dúdú kan náà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ló ṣàlàyé fún mi pé tábìlì mẹ̀kúnnù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bu fún, kí nǹkan má baà bọ́ lọ́wọ́ òyìnbó kí ó sì bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́lá márùn-ún péré. Àwọn ọlọ́lá náà gbọ́n o. Ọ̀kan wà tí ó kọ fọ́ọ̀mù mẹ́fà ní orúkọ ọmọ mẹ́fà kí a lè kà wọ́n mọ́ mẹ̀kúnnù. Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá rí i pé ìkọ̀wé kan náà ni, ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó gbogbo wọn jọ padà sí tábìlì ìkẹta. A rẹ́rìn-ín títí.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Èkó fúnra rẹ̀ ni n kò tíì mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn. Òjò ọdún yìí kò mọ ìgbà. Bí ó bá ti rọ̀ ní àdúgbò wa, ọ̀nà á di odò, á gbé bàtà ẹni lọ tàbí kí ó gbé ti ẹlòmíràn wá bá ọ lẹ́nu ọ̀nà. Òrùlé yàrá mi ń jò ní apá ibi tí mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí tẹ́lẹ̀; mo ti gbé e kúrò, ó ti wá ń jò lé àpótí mi. Ìdílé mẹ́jọ ni ó wà nínú ilé tí mò ń gbé. Gbogbo wa ń kí ara wa, kò sì sí ẹni tí ó ń dúró gbọ́ ìdáhùn. Nílé, bí mo bá jí tí ojú mi wú, àwọn ènìyàn mẹ́rin á ti bi mí léèrè kí n tó fọ ẹnu. Àárò yín ń sọ mí, mi ò ní purọ́.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ lọ́rì. Gbogbo yín ni ẹ rántí bí lọ́rì Bàbá Àgbà ṣe dúró sí ẹ̀yìnkùlé láti ìgbà tí ó ti kú, tí adìẹ ń yé ẹyin sí ibi ìjókòó awakọ̀. Nígbà tí ẹ ta irin rẹ̀ tí ẹ sì kọ̀wé sí mi pé ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ná owó náà, pé ẹ fẹ́ fi ra ṣíà ilé iṣẹ́ abọ́ yẹn, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ka lẹ́tà náà fún Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá. Mo rán fọ́ọ̀mù sí yín kíákíá. Ẹ̀yin náà ṣe ìpàdé, ẹ kọ ọ́, ẹ fi lé awakọ̀ kan lọ́wọ́ pẹ̀lú owó, mo sì lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọ̀yìngbò ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, ni àkókò àtigba fọ́ọ̀mù yóò parí.

Mo ṣí i nínú bọ́ọ̀sì. Orúkọ Bàbá Àgbà ni ẹ kọ síbẹ̀, gàdàgbà gadagba. Iṣẹ́: awakọ̀. Ní ibi ìfọwọ́sí, Bàbá Kúmásì tẹ̀ka dípò bàbá rẹ̀. Bàbá mi, ohun tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín títí di òní ni pé èmi tí orúkọ jẹ́ iṣẹ́ mi, n kò rí ohun kan tí ó burú níbẹ̀. Ojú ilé ni mo fi wò ó. Ní ilé wa, ta ni ó ni ilẹ̀ ẹ̀yìn odi? Bàbá Àgbà. Ta ni ó ni ìsọ̀ ọjà? Bàbá Àgbà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ó ti wà nínú ilẹ̀, òun náà ni ó ṣì ni ohun gbogbo. Mo gbé fọ́ọ̀mù náà lọ sí orí tábìlì ọ̀gá mi tayọ̀tayọ̀, kí ó bá mi wò ó kí n tó gbé e lọ sí báǹkì. Ó kà á, ó gbé ojú sókè, ó ní ó wu òun kí òun rí bàbá náà, kí ó wá fọwọ́ sí i lójú òun. Mo ní ó ti kú. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọlúàbí ni. Ó bi mí pé tábìlì wo ni kí òun gbé e sí. Òkú kì í ṣe mẹ̀kúnnù, òkú kì í ṣe ọlọ́lá. Mo ní nígbà náà kí ó gbé e sí tábìlì ìkẹrin, nítorí ìdílé ni wá, a pọ̀. Ó ní ìdílé kò ní ìwé ìjọba lọ́wọ́. Ó ní ìwé ńlá wa ń béèrè ẹni tí yóò gba èrè, ẹni tí yóò nawọ́ sókè níbi ìpàdé oníṣíà, ẹni tí ó lè tà bí ó bá fẹ́ tà. Alààyè tí ó ti bàlágà ni, tàbí ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà lè tà á gan-an ni a ṣe ń kọ orúkọ òkú.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ìdí rẹ̀. N kò ní dárúkọ ìbátan wa tí a fi ilé ìdílé wa ní ìlú òkè kọ́ lọ́rùn, tí a ní kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé nítorí òun ni ó mọ̀wé nínú wa, tí ó sì tà á fún àjèjì láì sọ fún ẹnì kankan. Ọmọdé ni mo wà nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí bí ẹ ṣe jókòó sí ẹnu ọ̀nà, Bàbá mi, tí ẹ kò jẹun fún odindi ọjọ́ kan. Láti ìgbà yẹn ni ẹ ti sọ pé orúkọ alààyè kò ní wà lórí ohun ìdílé mọ́. Ẹni tí ejò bá ti ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi wúwo lọ́kàn mi.

Mo sáré lọ sí pósítọ́fíìsì, mo tẹ wáyà sí yín pé orúkọ Bàbá Àgbà kò wọlé, kí ẹ rán orúkọ alààyè wá kíá. Títí ó fi di agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, n kò rí èsì. Mo fẹ́ kọ orúkọ yín, Bàbá. Ọ̀gá mi ní ẹni tí a bá kọ orúkọ rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí i. Bí mo bá fọwọ́ sí i fún yín, ẹ̀wọ̀n ni. Mo ní ṣé n kò lè kọ orúkọ mi kí n sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé mo dì í mú fún ìdílé ni. Ó ní wọn yóò fagi lé gbogbo ìyẹn, pé ìwé wa kì í wo ẹ̀yìn orúkọ. Báǹkì ti fẹ́ tilẹ̀kùn. Ọwọ́ kan ṣoṣo tí ó wà nítòsí tí ó jẹ́ ti ìdílé wa ni ọwọ́ mi. Mo gba fọ́ọ̀mù tuntun, mo kọ orúkọ mi, mo sì fọwọ́ sí i bí ẹni tí ń jalè. Báǹkì gbà á.

Èsì wáyà yín dé ní ọjọ́ Ajé. Ẹ ní kí n fi orúkọ Bàbá Àgbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ó sàn kí ṣíà náà bọ́ ju kí orúkọ alààyè wà lórí rẹ̀ lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ṣẹ́ ẹ po, mo fi sínú Bíbélì mi, mo sì kọ̀wé sí yín pé fọ́ọ̀mù ti wọlé. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìwọ̀nba òótọ́ tí ènìyàn fi bo nǹkan mọ́lẹ̀ burú ju irọ́ lọ. Lẹ́tà yín tí ó tẹ̀lé e ni ó pa mí lára jù. Ẹ ní ẹ ti sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bàbá yín, awakọ̀ tí kò mọ̀wé kà, ti di ọ̀kan lára àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ ní Èkó, àti pé gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Fún oṣù méjì gbáko, mò ń kọ̀wé sí yín nípa òjò nìkan.

Ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ìwé ẹ̀rí ṣíà jáde. Nítorí pé orí tábìlì ìkejì ni a wà, gbogbo ohun tí a béèrè ni wọ́n fún wa, kò dín. Ìwé náà nípọn, ó ń dán, òǹtẹ̀ pupa wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ mi wà ní àárín. N óò sọ òótọ́ fún yín nítorí pé òun ni mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà: inú mi dùn. Fún ìgbà díẹ̀, inú mi dùn sí i bí ohun tí ó jẹ́ tèmi. Ọmọbìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé alágbàtà lè bá mi tà á kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pé n óò lè kúrò nínú yàrá tí ń jò, n óò gba ibi tí ó ní ẹ̀rọ omi. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti rí yàrá náà lọ́kàn mi, mo ti rí ibi tí n óò gbé tábìlì sí. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Mo rántí ìbátan wa yẹn. Láti kékeré ni mo ti gbà pé olè ni wọ́n bí i. Bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá ilé jíjò ni òun náà ń gbé, tí ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ sì ń wò ó lójú lójoojúmọ́, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń pariwo. Òfin sọ pé èmi ni mo ni ṣíà yìí. Èmi Wúràọlá ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè kàwé láti Èkó dé Kàdúná pé kì í ṣe tèmi. Ti àwọn ọmọ Bàbá Àgbà ni.

Ohun tí ó sì dára nínú ọ̀rọ̀ náà rèé. Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá kọ́ mi pé ìwé ńlá wa gba orúkọ ju ẹyọ kan lọ lórí ṣíà kan náà. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ ni ín, kò sí ọ̀kan tí ó lè dá a tà. Àfi kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i. Ohun tí ẹ ń fi orúkọ Bàbá Àgbà wá nìyẹn láti ọjọ́ yìí, ẹ̀yin alààyè lè ṣe é fúnra yín. Kí ìwé ìròyìn yìí tó jáde, pósítọ́fíìsì yóò ti fi ìwé ẹ̀rí náà lé yín lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé kan tí mo fi yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìdílé. Mo ti fọwọ́ sí tèmi níwájú ọ̀gá mi. N kò kọ ohunkóhun sí ibi orúkọ àwọn tí yóò gbà á. Ẹ pe ìpàdé, ẹ mú ẹnì kan láti ojúlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ orúkọ wọn, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Màmá lè tẹ̀ka, òfin gbà á bí ẹlẹ́rìí bá wà níbẹ̀. Bàbá Kúmásì ti fi hàn wá pé òun mọ ìka tẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kí ó tẹ̀ ẹ́ fún ara rẹ̀.

Mo ṣẹ̀ yín, Bàbá mi. Kì í ṣe nítorí orúkọ tí mo kọ ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, nítorí bí ó bá tún di òní, n óò tún kọ ọ́. Oṣù méjì tí mo fi dákẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ foríjì mí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àgbà àti èwe. Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa kò ṣòfò. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jẹ èrè ohun tí ẹ kó jọ. Kí ó má jẹ́ kí ohun tí a ní sọ wá di ọ̀tá ara wa. Kí ẹ̀mí yín gùn, kí ẹ rí ọmọ wa tí yóò di ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ náà. Bàbá mi, orúkọ tí ẹ sọ mí ni mo kọ síbẹ̀, n kò ní òmíràn. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi pè mí nílé.

Èmi ni ọmọ yín,
Wúràọlá